Afaratì

Iná dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Tákíé,
a sì jókòó sídìí tábìlì tí mo fọwọ́ ara mi jó.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, páálí ni mo fi gbé e.
Morádéùn tẹ́ ìwé mẹ́ta síwájú mi
bí ẹní tẹ́ ẹja sórí àtẹ.

"Ọ̀nà kìíní: èmi á fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọlé,
ìwọ á tẹ̀ lé mi.
Ọ̀nà kejì: ìwọ á fi iṣẹ́ jórinjórin gba máàkì,
èmi á dúró de ìwé tèmi níbí,
ọdún kan. Ó lè di méjì.
Ọ̀nà kẹta: mo padà sílé ìwé,
a ta ilẹ̀ Arówómọlé san owó rẹ̀."
Ó dákẹ́, ó fi bírò họ orí.

Mo ní, "Nínú ti àkọ́kọ́ yẹn, kí ni wọ́n pè mí?"
Ó wo ìwé. Ó wojú mi.
"Afaratì."

Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógójì,
tí ọmọṣẹ́ mẹ́rin ń kí ní "ọ̀gá" láàárọ̀,
tí pásítọ̀ ń bẹ̀ nítorí géètì ṣọ́ọ̀ṣì,
afaratì!
bí kẹ̀kẹ́ tó jò tí wọ́n gbé ti ògiri.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ikùn.

Bàbá mi l'Ókè-Àdó gbọ́, kò bú mi.
Káṣú ló ń já lórùn èso rẹ̀, ó ń jù ú sínú garawa.
Ó kàn bi mí bóyá irin ń gbóná
nílẹ̀ tí òtútù ti ń pa ènìyàn.

Wọ́n tún ń fẹ́ ẹ̀rí
pé ìgbéyàwó wa kì í ṣe ayédèrú.
Lẹ́tà tá a kọ síra wa, wọ́n ní, àtẹ̀jíṣẹ́,
fọ́tò ibi tá a jọ rìnrìn àjò dé.
Ìrìn àjò wo?
Ọdún mẹ́sàn-án la ti ń sùn nínú yàrá kan.
Ta ní í kọ lẹ́tà sí ẹni
tí àtẹ́lẹsẹ̀ tútù rẹ̀ ń jí i lóru?
Mo ṣí fóònù, mo ń kà á sókè:
"Ra kẹrosíìnì bọ̀." "Omi ti dé o."
"Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ bíríkì."
"Onígbèsè yẹn tún wá, mo ní o ò sí ńlé."
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Mo wá kan ọ̀kan, ti ọdún kẹta sẹ́yìn,
aago méjì òru, láti ọsibítù:
"Oyún náà ò dúró. Má wá. Òjò pọ̀."
Mo lọ.
Níbo ni n ó ti rí fọ́tò òjò yẹn fún wọn?

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń jó férémù wíńdò.
Mo gbé irin méjì kalẹ̀, ọ̀kan fara ti èkejì
kí iná tó kàn wọ́n.
Mo ní, "Múftáù, èwo ló fara ti èwo níbí?"
Ọmọ náà wò mí bíi pé oòrùn ti pa mí.
"Ọ̀gá, ẹ jó o, kí wọ́n tó mú iná lọ."

Lálẹ́, a mú ìwé àkọ́kọ́.
Mo kọ orúkọ mi, Oyèdòkun Láníhùn,
mo kọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi.
*Kí ni ẹ jẹ́ sí ẹni tó ń tọrọ ìwé?*
Àpótí kékeré ni wọ́n là síbẹ̀, kò gbà ju ọ̀rọ̀ kan.
Mo kọ *ọkọ*. Ó gba ibẹ̀ ṣẹ́kú.

Tábìlì ń mì. Páálí ti yọ.
Morádéùn tẹ̀ ba, ó ń tì í padà,
ó ní, "Ta la ó fi tábìlì yìí sílẹ̀ fún?"
Mi ò mọ̀.
Mo ní tó bá dọ̀la, n ó jó ẹsẹ̀ tó kúrú yẹn gùn.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀.