Ọ̀rọ̀-Ìṣe Kan

Mo kọ ọ́ sára pátákó lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán:
rìsíìsì.
"Ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ta ló lè túmọ̀ rẹ̀?"
Kíláàsì dákẹ́; òrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ń yan páànù lórí wa.

Làmídì ní, "Kíkọ̀ ni, sà."
Mo ní ó kù díẹ̀. Èèyàn lè kọ̀ níbi tó jókòó sí
láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.
Àyọ̀ká ní, "Orí kunkun ni." Mo ní rárá,
orí kunkun kì í mọ ìdí tó fi le.
Olúgbọ́n dìde lẹ́yìn, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya lórúnkún:
"Ewúrẹ́ ìyá wa ni, sà. Tí mo bá ń fà á lọ́jọ́ ọjà,
á ta ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀,
ọrùn á gùn, ojú á yọ, kò ní í rìn."
Ẹ̀rín sọ. Mo fún un ní máàkì.

Mo wá ṣàlàyé lílò rẹ̀:
ògiri ń ṣe é sí òjò, ara ń ṣe é sí ibà,
kòkòrò ibà náà ń ṣe é sí oògùn.
Ẹni tó gbààwẹ̀ tó gba abẹ́ máńgòrò kọjá nígbà tó pọ́n,
tí kò bojú wòkè, òun náà ń ṣe é.
Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn sápò kan;
Yorùbá fún oníkálukú lórúkọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Àṣàbí, tí kì í sọ̀rọ̀,
tẹ́ adìrẹ ìyá-ìyá rẹ̀ sórí tábìlì mi.
Ẹyẹ funfun mẹ́ta nínú aró tó ṣú.
"Ìyá ní ìyẹ́ adìẹ làwọn fi ń kọ láfún sí i.
Ibi tí láfún bá wà, aró á kanlẹ̀kùn títí, kò ní í wọlé.
Ibi tó kọ aró ló di ẹyẹ."

N ò rí nǹkan sọ.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì,
ó ti ìwé kan síwájú mi: ọmọ ọlọ́lá kan,
ogójì tí wọ́n fẹ́ kó di àádọ́rin.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó mi.
Bíírò náà kò wúwo.
Mo fọwọ́ sí i.

Mo ká aṣọ náà, mo dá a padà.
Mo nu pátákó; ọ̀rọ̀ yẹn kò parẹ́ tán,
ìrù rẹ̀ ṣì hàn lẹ́yìn iṣẹ́ ìṣirò.
Nígbà tí a jáde, ewúrẹ́ kan dúró láàárín títì ní Tákíẹ̀.
Awakọ̀ ń fọn fèrè, ó ń fọn ọ́n.
Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo ń wò ó.