Ìṣẹ́tí

Ní oṣù kẹta, kí ilé-ìwé tó wọlé ní Daegu,
àwọn ìyá a máa mú ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.
"Ìyáàfin Pyo, ẹ rán an kó tóbi. Ó ń bọ̀ wá ga."
Mo máa ń ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì sínú ní ìbú ìka mẹ́rin,
mo máa ń rán an kí ó lè rọrùn láti tú,
torí ara ọmọdé kì í tọrọ àyè:
sùn lálẹ́ kan, jí, orúnkún ti yọjú.

Ọmọ ọdún méjìlá ni Bogyeong nígbà náà.
Ó ń jẹ ọ̀dùnkún sísun bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n,
ooru rẹ̀ bo díńgí mi,
ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kún.

Ọdún yí po. Mo tú ìṣẹ́tí ti Narae, mo tú ti Sohui.
Bogyeong dá wá.
"Ẹ bá mi dín ìbàdí rẹ̀ kù."
Mo dín in.
Kí yìnyín tó yọ́, ó tún padà: "Ẹ tún dín in."
Abẹ́rẹ́ mi ń lọ sẹ́yìn,
kàlẹ́ńdà ń lọ síwájú.

Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Ti ọmọ yìí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́,
gbólóhùn kan péré láti ẹnu olùkọ́ ijó:
"Ìwọ tí ẹsẹ̀ rẹ ń ki yìí."
Ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ilé,
oúnjẹ kò ráyè wọlé mọ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ga dé etí rẹ̀, ó ga kọjá orí rẹ̀.
Nǹkan oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀ dá dúró; kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Irun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ hù sí i lápá, bíi ti ọmọ ẹyẹ.

Ìyá rẹ̀ di tábìlì mi mú kó tó lè sọ ọ́:
nínú fọ́tò, egungun ọmọ náà kéré ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ,
ó sì fúyẹ́ bíi ti arúgbó.
Bíi tèmi! Èmi tí mo yọ̀ ṣubú lésìí,
tí ọrùn ọwọ́ mi kán bí igi ìṣáná.
"Ṣé yóò tún ga?"
Dókítà ní ilẹ̀kùn ìdàgbà kì í ṣí sílẹ̀ títí,
ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò tíì tì tán;
kí wọ́n tètè, kí wọ́n má pariwo,
kí wọ́n máa bá a jókòó ti oúnjẹ.

Lánàá wọ́n wọlé, òun àti ìyá rẹ̀.
Ó ní kí n gé aṣọ tó kù nísàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì náà,
ó ní ó wúwo, òun kò ní lò ó mọ́.
Mo gbé àlùmọ́gàjí. Mo gbé e kalẹ̀.
Mi ò gé e.
Mo bó ọ̀dùnkún kan, mo pín in sí mẹ́ta.
Ó di tirẹ̀ mú títí ó fi tutù,
ìyá rẹ̀ ń wo ojú pópó, èmi ń wo òwú.
Kí wọ́n tó jáde, ó bu etí rẹ̀ jẹ.

Ìka mẹ́rin ṣì wà nínú ìṣẹ́tí náà.