Àkọ́yọ Omi

Ìgbóbì, òwúrọ̀ Ọjọ́rú, òjò àkọ́rọ̀ ń lu páànù.
Bàbá Ṣóẹ̀tan nà sórí tábìlì, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú bí ìkòkò.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kúnlẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rélùwéè
ní Ẹbúté Mẹ́ta, tó ń tú nọ́ọ̀tì, tó ń fi gírísì pa á.
Kó tó sùn, ó bi mí: "Nọ́ọ̀sì,
irin tí ẹ fẹ́ rì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ yìí, ṣé kò ní dípáàrà?"
Mo ní, "Bàbá, irin yìí kì í dípáàrà."
N kò sọ èyí tó kù fún un.

Oògùn oorun, funfun bíi wàrà, wọ iṣan rẹ̀.
Ó ka ení, ó ka èjì,
kò dé ẹ̀ta.

Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀já.
Mo wé e mọ́ itan, mo fẹ́ ẹ títí ó fi le bíi táyà.
Ẹ̀jẹ̀ dúró lókè; ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ pàwọ̀ dà, ó dà bí eérú.
Mo kọ aago sára pátákó: mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.
Dókítà Mábayọ̀jẹ́ gba ayùn.
Ẹni tó bá di ojú yóò rò pé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lòun wà.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo ké e síta.
Ọgọ́ta. Mo ké e síta.
Ẹran tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kì í kú lẹ́sẹ̀kan náà;
ó ń fara dà á, bí àwa náà ṣe ń fara dà á
ní Àpápá Róòdù nígbà èwe mi, tí omi ẹ̀rọ bá dá.
Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, garawa gbẹ, ọ̀fun gbẹ,
a ó máa tẹ́tí sí páìpù lóru.
Lójijì, ẹ̀rọ á wúkọ́, á tutọ́,
omi á ya jáde, pupa bí omi osùn.
A ó hó yè. Ìyá mi á gbá garawa mi dànù:
"Má gbe àkọ́yọ! Ìpáàrà ló ń kó bọ̀.
Jẹ́ kó ṣàn, jẹ́ kó mọ́."

Mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n ní kí n tú ọ̀já.
Mo tú u. Ẹ̀jẹ̀ ya wọ ẹsẹ̀
pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ìyè tó rù,
àwọ̀ padà, ìka ẹsẹ̀ móoru, gbogbo yàrá mí kanlẹ̀.
Èmi nìkan ni mo ń ronú páìpù.
Nítorí afẹ́fẹ́ tí a fi ń wà láàyè náà
ló ń jẹ irin lọ́gbà rélùwéè,
ó sì ń jẹ ẹran tí ebi rẹ̀ ti pa.
Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Ìyá mi kò sí níbẹ̀ láti da àkọ́yọ nù;
ta ní ń gbọ́n ẹ̀jẹ̀ dà sí gọ́tà?

Ohun tí a ní ò ju ike kékeré kan lórí ọ̀pá:
fítámì sí, ó ń kán tó, tó, láti òwúrọ̀.
Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ara rẹ̀ fún ìpáàrà jẹ
kí ìpáàrà má ráyè jẹ onílé.
Àwọn onímọ̀ kan ní ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní ká ṣì máa wò ó.
Dókítà ní, "Kò kúkú pa á lára, so ó kọ́."
Mo so ó kọ́, bí ẹni tó ń fi gírísì pa nọ́ọ̀tì
tí kò mọ̀ bóyá òjò ọdún yìí á pọ̀.

Ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ gbé àgbálùmọ̀ wá nínú ọ̀rá.
Ó jẹ mẹ́rin, ó tu kóró sí mi lọ́wọ́.
Ẹsẹ̀ wú, ó sì gbóná; síbẹ̀ ó dìde,
ó di ọ̀pá mú, ó gbé ìṣísẹ̀ méje dé ojú fèrèsé.
Rélùwéè fọn fèrè lápá Yábàá.
Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ń han. Gírísì ló ń bẹ̀."
Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wò mí.
"Ẹ ò parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí. Irin ò ní dípáàrà.
Kí ni yóò wá dípáàrà?"

Mo fún un ní àgbálùmọ̀ kan sí i.