Afárá Tí Mo Wó

Aago méjì òru ti lù.
Ẹ̀fúùfù òkun ń kan fèrèsé mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè,
ẹ̀rọ ìfọṣọ ìsàlẹ̀ ti dákẹ́, Grimsby ti sùn,
èmi nìkan ni mo jókòó ti kọ̀ǹpútà
tí mo rà lọ́wọ́ Keith ní ogójì pọ́n-ùn.
Fáànù rẹ̀ ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà.
Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo wọ̀,
nítorí pọ́n-ùn kan àti díẹ̀ ló kù nínú mítà iná,
kọ̀ǹpútà ni mo sì fi í sílẹ̀ fún.
Ẹ má bá mi wí.

Àǹtí mi ní Ìkàrẹ́ ti bá mi wí lórí fóònù:
"Ìbíwùmí, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, eré ọmọdé lo ń ṣe?"
Mo ní, "Àǹtí, ṣé ọmọdé ni bàbá mi
nígbà tó ń ta ayò títí ilẹ̀ fi ṣú,
tí ọbẹ̀ ń tutù, tí ìyá mi ń kùn?"
Ọ̀ta ni. Kì í ka ọmọ ayò tó wà lójú ọpọ́n;
èyí tí yóò kù lẹ́yìn ìta mẹ́rin ló ń kà.

Nínú eré tèmi, ìlú kan wà létí odò.
Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ dó.
Mo mọ iye àpò ọkà tó wà nínú àká,
mo mọ ẹni tó ń wúkọ́, mo mọ ẹni tó ń jí igi ìdáná.
Ní ọ̀gìnnìtìn àkọ́kọ́, àwọn ọlọ́ṣà yọ ní òdìkejì.
Bí afárá bá dúró, àká lọ.
Bí afárá bá wó, Hálídò alágbẹ̀dẹ ṣì wà lọ́hùn-ún,
ó lọ wá irin.
Èmi ni mo rán an.
Mo tẹ bọ́tìnì. Afárá wó.

Ìlú yè. Wọ́n hó yèè, orúkọ mi di orin.
Mo lọ síbi iṣẹ́, mo la ẹja háádọ́ọ̀kì títí ọwọ́ mi fi kú,
mo gbàgbé.
Eré náà kò gbàgbé.

Lẹ́yìn ọ̀gìnnìtìn mẹ́ta, ìyẹn lálẹ́ òní,
ọmọdébìnrin kan dé ẹnu ibodè,
òòlù bàbá rẹ̀ wà léjìká.
Kò tọrọ oúnjẹ. Ó ní:
"Ta ló wó afárá?"

Ìdáhùn mẹ́ta ló yọ.
Mo lè ní ọ̀tá ni. Mo lè ní n kò mọ̀. Mo lè pe orúkọ ara mi.
Mo mọ ọ̀nà kẹrin:
kí n padà síbi tí mo tọ́jú eré sí lọ́jọ́ yẹn,
kí n kọ́kọ́ pe Hálídò wálé.
Keith máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pàdánù ẹnì kan rí,
kò sì rántí orúkọ ẹnì kan.

Ẹ ní kí ló dùn nínú rẹ̀?
Kì í ṣe idà tó ń kọ mànà.
Fọ́ọ̀mù ilẹ̀ yìí bi mí ní ìbéèrè mẹ́tàdínlógóje,
bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, mo sàmì sí àpótí,
kò sí èyí tó dúró gbọ́ tẹnu mi.
Àmọ́ ọmọ yìí, tí ẹnì kan fi nọ́ńbà ya,
ó dúró, ìrì dídì ń bọ́ sórí irun rẹ̀,
kò ní ṣípò títí n ó fi yàn.

Tíì mi ti di omi òkun. Bọ́ọ̀sì iṣẹ́ ń bọ̀ láago mẹ́rin àbọ̀.
Mo pe orúkọ mi.

Ó wò mí pẹ́. Kò bú mi, kò dárí jì mí.
Ó wọ àgbẹ̀dẹ tó ti ṣófo lọ, ó gbé òòlù kalẹ̀,
ó ní, "Irin dà?"

Mítà ké. Iná lọ.
N kò mọ̀ bóyá eré náà ti tọ́jú ọ̀rọ̀ mi.
Mo ń fọwọ́ wá bàtà iṣẹ́ nínú òkùnkùn,
mo ń ro ibi tí irin lè wà.