Àtẹ̀gùn, Atẹ́gùn

Ohùn lásán ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀:
àtẹ̀gùn tí mò ń gùn,
atẹ́gùn tí mo wá tì.
Mẹ́tàdínlógójì ni ti ilé wa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta,
mo mọ̀ wọ́n bí onígbèsè ṣe ń mọ ẹsẹ̀ olówó.
Ní ìkẹtàlá mo dúró,
mo díbọ́n pé mò ń ka mítà iná.
Ní ìkẹrìnlélógún mo di ògiri mú.
Ìyá Kúdí ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí?"
Mo kàn mirí sí i. Ọ̀rọ̀ ti gbówó lórí.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.
Yìnyín ni mò ń tà l'Óyìngbò,
ìka mi a funfun bí ẹfun, a tún dúdú bí aró.
Mo ní òwò náà ni.
Mo ta fírísà, mo jókòó sóòrùn,
ìka kò gbọ́.
Awọ ojú mi fà, ó le bí aṣọ tó mu sítáàṣì yó.
Èrò ọjà ní, "Mósúnmọ́lá, ìwọ nìkan lo ń kéré sí i!"
Mo rẹ́rìn-ín, ìwọ̀nba tí ẹnu gbà mí láyè.

Ní Ìdí-Àràbà, dókítà fi irin tútù sí mi lẹ́yìn,
ó pajú dé.
Ó ní òun ń gbọ́ bàtà ọmọ ilé-ìwé
tí wọ́n ń já okùn alẹ̀mọ́ rẹ̀,
ṣárá, ṣárá, nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì.
Ó ní ara mi ló ń bá ara mi jà.
Mo ní, bí mẹ́gáàdì tí kò dá onílé mọ̀ mọ́?
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni,
ó sì ti ń fi sìmẹ́ńtì dí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù.
Ẹnu mi kò gba páìpù.
"Ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ fẹ́ ẹ! Ó ku díẹ̀!"
Èmi tí mo máa ń polówó nídìí rélùwéè
tí wọ́n á gbọ́ dé Òpópónà Jẹ́bà.

Wọ́n ní kí n rìn ní kọ́rídọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Nọ́ọ̀sì Fadérera fi ẹ̀rọ kékeré há mi níka,
ẹ̀rọ kò rí nǹkan kà.
Ó pààrọ̀ ìka. Òfo.
Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, òfo:
ẹ̀jẹ̀ ti sá níbẹ̀ bí ayálégbé lọ́jọ́ owó ilé.
Ó wá rọra yọ yẹtí mi kan,
yẹtí tí ìyá mi rà nígbà tí mo bí Àmọ̀pé,
ó fi ẹ̀rọ há mi létí.
Etí ló jẹ́wọ́: mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Nọ́ọ̀sì kò sọ nǹkan kan. Ó fa àga wá.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àmọ̀pé gba báàgì lọ́wọ́ mi,
ó ń tẹ̀ lé mi, kò sáré bí ìṣe rẹ̀.
Rélùwéè fọn fèrè, gbogbo gíláàsì gbọ̀n.
"Màámi, yẹtí yín kejì ńkọ́?"
Mo na ìka mẹ́ta sí i, àwọn funfun yẹn:
àtẹ̀gùn mẹ́ta ló kù.
N ó sọ fún ọ lókè.