Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bámitálẹ́, ní Ìsánlú,
níbi tí wọ́n ti ń gbowó iná fóònù,
ẹ̀rọ kan wà tí ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò lábẹ́ ibùsùn.
Ó fún mi ní káàdì márùn-ún.
Ó ní kí n di èyí tó wù mí mú, kí n ju ìyókù nù.
Mo ju owó kaṣú ọjọ́ mẹ́ta nù.

Ìgbà náà ni Tíṣà Àtòlágbé wọlé, ó wá gba tọ́ọ̀ṣì rẹ̀.
"Òkun o."
"Òkun o, Mà."
Obìnrin tó fi pàṣán kọ́ bàbá mi ní ìṣirò,
tó fi ẹnu lásán kọ́ èmi,
ẹnu ọ̀hún ló dùn mí jù.
Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó wo ojú mi. Ó fa àga.

"Káàdì mélòó ló wà nínú rẹ̀?"
Mo ní n kò mọ̀.
"Méjìléláàádọ́ta. O ò mọye ọmọ tó wà nílé,
o ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n rán ọ̀kan sí ọ."
Ó tú kaṣú látinú àpò mi sórí tábìlì,
ó pín in sọ́nà mẹ́rin, mẹ́tàlá mẹ́tàlá.
"Iye ọ̀nà tí márùn-ún lè gbà bọ́ sí ọ lọ́wọ́:
àádóje ọ̀kẹ́, dín òjìlélẹ́gbẹ̀rún."
Ó kà á bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.
"Ọba àti gbogbo ará ààfin, láti ìdílé kan ṣoṣo,
èyí tí o ń fojú wá láti àárọ̀?
Ẹ̀ẹ̀kan nínú ọ̀kẹ́ méjì.
Igi kaṣú tí o gbìn lónìí á ti gbẹ."

Ẹ̀rọ tún kọ márùn-ún sílẹ̀:
ayaba méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ọlọ́kàn;
ọlọ́kàn mẹ́ta mìíràn tò tẹ̀lé e.
Ọwọ́ mi sáré sórí ọlọ́kàn mẹ́rin.
Ó gbá a.
"Ọlọ́kàn mẹ́sàn-án ló kù
nínú káàdì mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ìdá kan nínú márùn-ún, kò tó o.
Ayaba méjì ti san gbèsè rẹ kí o tó mí,
o fẹ́ lé wọn jáde."

Ó na ìka sí iwájú orí ẹ̀rọ.
"Kà á."
Ilé kíkún, mẹ́jọ. Ìdílé kan náà, márùn-ún.
"Mẹ́sàn-án àti mẹ́fà ni ti ẹ̀rọ tó nítìjú;
ìyẹn á dá ọgọ́rùn-ún padà, dín àbọ̀.
Èyí, bí o tilẹ̀ ta á bí áńgẹ́lì,
bó pẹ́ bó yá, nínú ọgọ́rùn-ún náírà,
mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.
Gbọ́ orúkọ yẹn. Mẹ́ta. Dín.
Àwọn tó fún wa ní oǹkà kò fi ohun tó sọnù pamọ́,
iwájú ni wọ́n gbé e sí.
Kí o tó gbọ́ ohun tó kù, wàá ti gbọ́ ohun tó lọ."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ìwọ kì í sì í ṣe áńgẹ́lì."
Bámitálẹ́ wúkọ́ lẹ́yìn káńtà.

Mo di àwọn ayaba mú.
Wọ́n dá owó mi padà, kò lé, kò dín,
inú mi dùn bí ẹni jogún oko.
Tíṣà ní, "Dìde."
Ó kó kaṣú méjìléláàádọ́ta náà sínú báàgì rẹ̀:
owó ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo ru àpò mẹ́rin lọ bá Fọláranmí tó ń ra kaṣú.
Ó gbé àpò kọ́ ìwọ̀n. Abẹ́rẹ́ mì,
ó dúró síbi tó wù ú.
Mo wo iwájú ìwọ̀n, mo wo ẹ̀yìn,
mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú wo ìdí rẹ̀.
"Kí lò ń wá níbẹ̀?"
Mo ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá.
Mò ń wá ibi tí ẹ kọ dín tiyín sí."