Òru Tí A Kó Ẹrù Yunifásítì

Oòrùn oṣù Kejìlá ní Akureyri kì í jókòó:
ó ń yọjú bí àlejò tí kò bọ́ bàtà,
ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni.

A ti kéde láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:
lálẹ́ Ẹtì, lágogo mẹ́wàá, ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára wa yóò tì,
àárọ̀ Ajé la ó ṣí tuntun.
Ẹ tètè fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́.
Ta ní í ka ìkéde?

Agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì,
ọkọ̀ apẹja kan wà lójú agbami, níhà Gíríńláńdì,
Hallvarður wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún kìíní nínú ìṣirò-owó.
Iṣẹ́ rẹ̀ ń rá bọ̀ gba inú sátẹ́láìtì bí ìgbín:
ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mọ́kànlélógún.
Eyvindur wo aago. Ó wo mí.
Mo ní kó lọ bu kọfí wá.
Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni sí ìdí kọfí,
ó lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Nígbà tó dé, mo tilẹ̀kùn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún la kó lóru náà:
àwòrán egungun ìbàdí fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì,
fídíò òfin ẹja pípa tí ajá olùkọ́ gbó dé òpin,
ìbéèrè kan láti 2011 tẹ́nìkan ò dáhùn:
"Ṣé orí kẹsàn-án wà nínú ìdánwò?"
Eyvindur kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé rárá.
Ó ní gbèsè kì í jẹrà.

Fóònù dún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ásgerður ni,
ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.
"Bọ́tìnnì mi dà?"
"A ò tíì gbé bọ́tìnnì kankan kúrò."
"Mo mọ̀. Ti ọjọ́ Ajé ni mò ń sọ."

Lẹ́yìn agogo méjì ni mo kan orúkọ ara mi.
Steinvör. Ìmọ̀ ohun abẹ̀mí inú òkun, 2009.
Iṣẹ́ kẹfà: A KÒ RÍ I GBÀ.
Pupa fòò, bí ẹni pé àná ni.

Ọdún tí àwọn báńkì dojú dé lé wa lórí ni,
tí bàbá mi ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀,
tó tún ń lọ dúró lójoojúmọ́ níbi tó ti máa ń so ó.
Mo palẹ̀ ìwé mọ́, mo lọ ń gé orí ẹja ní Dalvík.
Ohun abẹ̀mí inú òkun! Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ yanjú.

Ẹ̀rọ tuntun ń bi mí:
èyí kò parí, ṣé kí n pa á rẹ́, àbí kí n gbé e?
Eyvindur ń hanrun lórí àga, ẹja gbígbẹ lọ́wọ́.
Mo jẹ́ kí ìbéèrè náà dúró títí kọfí fi tutù.
Mo tẹ ọ̀kan.

Àárọ̀ Ajé, ilẹ̀kùn ṣí.
Ásgerður rí bọ́tìnnì rẹ̀, ó ní ó ti rẹwà jù,
òun ò fọkàn tán an.
Yìnyín ń já. Mo wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò.
Ilé tuntun kò mọ pupa.
Àwọ̀ ọsàn ló fi kọ ọ́ síwájú iṣẹ́ kẹfà:
A ṣì ń retí rẹ̀.